Ẹ̀rí kó tó di ìwé ẹ̀rí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà tó ní ètò ẹ̀kọ́ àdáni

Olùkọ́ ni mí ní Èkìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS1 sí SS3 tí ẹ̀kọ́ gbogbo kíláàsì kò bá lára mu ni mò ń bá ṣiṣẹ́: ẹni tí kò gbọ́rọ̀, ẹni tí kò ríran tó, ẹni tó máa ń pẹ́ kí nǹkan tó yé e, ẹni tí kò lè fara da ariwo. Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi àti àwọn òbí ń bi mí jù lọ, lórí ẹ̀rí ni. Kí la ó kó jọ? Ìgbà wo la ó kó o? Ta ni yóò gbà wá gbọ́? Ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ni mo fi dáhùn nísàlẹ̀ yìí.

Kí là ń pè ní ètò ẹ̀kọ́ àdáni?

Ètò tí a kọ fún ọmọ kan ṣoṣo ni. Olùkọ́, òbí, ọmọ fúnra rẹ̀ àti ẹni tó bá nímọ̀ nípa ìpèníjà rẹ̀ ló ń jókòó pọ̀ kọ ọ́. Ohun tí ọmọ lè ṣe lónìí, ohun tí a fẹ́ kó lè ṣe nígbà tí ọdún bá parí, ìrànlọ́wọ́ tí yóò máa rí gbà, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ti débẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà.

Ní Amẹ́ríkà, láti inú òfin tí wọ́n ṣe ní 1975 ni irú ètò yìí ti di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Kí ọmọ tó pé ọdún 16 jálẹ̀, ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa sọ ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn tó bá kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2019, sọ pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti kàwé láìsí ìyàsọ́tọ̀, àti pé ọ̀fẹ́ ni kí ó jẹ́ títí dé ìpele sẹ́kọ́ńdírì. Nítorí náà, òbí tó bá wá sọ́dọ̀ yín pé kí ẹ gba ọmọ òun, kò wá tọrọ àánú.

Kí wá ni ẹ̀rí? Ṣé ìdánwò kọ́ ni?

Ìdánwò wà lára rẹ̀, àmọ́ ó kéré nínú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè wò, kó sì mọ ohun tí ọmọ ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, àti bí ọwọ́ ẹlòmíì ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, ẹ̀rí ni. Ó lè jẹ́ aṣọ tó rán. Ó lè jẹ́ fídíò ìṣẹ́jú kan, ohùn tí a gbà sórí fóònù, ìwé tó kọ tó sì pa rẹ́ kó tó tún un kọ, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá aláta tó rí i níbi tó ti ń rajà.

Àwa ará Èkìtì fẹ́ràn ìwé, a ò sì ní tijú sọ ọ́. Bí a bá ti gbọ́ "ìwé ẹ̀rí", WAEC ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìwé tó ń jẹ́rìí ni. Bí kò bá sí ohun tí ó ń jẹ́rìí sí, tákàdá lásán ni. Ọmọ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lè má gba ti WAEC láéláé, síbẹ̀ ohun tó mọ̀ ń bẹ, ó sì yẹ kí a rí ohun tí yóò jẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ wa nìyẹn.

Mo ń kọ ìròyìn ọmọ ní ìparí sáà. Ṣé kò tó?

Kò tó. Mo mọ̀ nítorí pé bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo wà tẹ́lẹ̀, mo kọ "ó gbìyànjú" àti "ó ti ń tẹ̀síwájú" sí ìwé ọmọkùnrin kan fún odindi ọdún kan. Nígbà tí ó fẹ́ wọ SS3, màmá rẹ̀ wá, ó ní: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wá mọ̀ ọ́n ṣe báyìí?" Mo ṣí ìwé náà níwájú rẹ̀, n ò rí nǹkan kan tí mo lè kà sí i létí. Ọmọ náà kọ́ nǹkan o. Èmi ni mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú màmá yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ méjì yìí. Èkíní: "Ó ti mọ owó ṣírò." Èkejì: "Ọjọ́ Ẹtì, ní ṣọ́ọ̀bù ilé-ẹ̀kọ́. Oníbàárà ra bíró 2 àti ìwé ńlá 1, ó jẹ́ ₦700. Ó fún un ní ₦1,000. Ọmọ náà yọ ₦100 mẹ́ta fún un. Mo nawọ́ sí páálí tí a kọ iye ọjà sí kó tó bẹ̀rẹ̀, n ò sọ̀rọ̀. Ní oṣù tó kọjá, odindi ₦1,000 náà ló ń dá padà fún oníbàárà." Èkejì kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti kọ. Bí mo bá kú lọ́la, olùkọ́ tó bá gba ipò mi yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni kí a ṣe kọ àfojúsùn tí ẹ̀rí yóò fi rọrùn láti rí?

Ẹ kọ ọ́ bí ohun tí ojú lè rí. "Yóò mọ gàrí tà" kò ṣeé wọ̀n. "Yóò wọn gàrí kóńgò mẹ́ta fún oníbàárà, yóò gba owó, yóò sì fún un ní ṣéńjì tó pé, láìsí ẹni tó bá a dá sí i, lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú márùn-ún": èyí ṣeé wò, ó sì ṣeé kà. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú yín yóò gbà pé ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú iṣẹ́ náà sí ìgbésẹ̀. Iyán ni mo máa ń fi kọ́ àwọn olùkọ́ tuntun, torí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbí. Ọmọbìnrin kan ní SS2 fẹ́ mọ iyán gún kó lè máa bá ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní búkà. A jókòó, a kọ ọ́: bẹ iṣu, gé e, fọ̀ ọ́, gbé e kaná, fi ṣíbí wò ó bó bá ti jinná, fọ odó àti ọmọ odó, kó iṣu sódó, tẹ̀ ẹ́ kó rún, gún un títí kókó yóò fi tán, kó o jáde. Ìgbésẹ̀ 10. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́ta ló dá ṣe. Nígbà tí sáà yẹn fi máa parí, ó ti di méje. Èyí tó le jù fún un ni mímọ ìgbà tí iṣu bá jinná, torí pé ó máa ń bẹ̀rù ooru ìkòkò. Bí a bá kàn kọ "kò tíì mọ iyán gún" ni, a kì bá mọ̀ pé ìkòkò ni ìṣòro rẹ̀, kì í ṣe iyán. A wá ṣíbí olọ́wọ́ gígùn fún un.

Ìgbà wo ni ká bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ?

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ẹ tó kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ púpọ̀ máa ń fo èyí nítorí pé ojú ń tì wọ́n fún ọmọ náà. Bí ẹ ò bá sì mọ ibi tó ti gbéra, kò sí bí ẹ ó ṣe fi hàn pé ó rìn.

Ọmọ tó wà ní kíláàsì mi lé ní àádọ́ta. Níbo ni mo ti fẹ́ rí àyè?

Ìbéèrè tó tọ́ gan-an ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ò lè kọ gbogbo nǹkan tí ọmọ kan ṣe lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Fún àfojúsùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàrin sáà kan tó, bí ọjọ́ wọn bá jìnnà síra: ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì láàrin, ọ̀kan níparí. Kí ó má jẹ́ ọjọ́ kan náà ni ẹ kó gbogbo rẹ̀, nígbà tí aláyẹ̀wò bá ti fẹ́ dé.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Mo gé páálí sí wẹ́wẹ́ bí ìwé ìpè ìgbéyàwó, mo kọ orúkọ ọmọ àti àfojúsùn kan sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sápò. Ní ọjọ́ Ajé, mo yọ méjì. Ọmọ méjì yẹn nìkan ni ojú mi wà lára ní ọ̀sẹ̀ náà fún ọ̀ràn ẹ̀rí. Gbogbo kíláàsì ni mò ń kọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì ni mò ń ṣọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá fi kọjá, ó ti kan ọmọ 12. Ẹ ní kí akọ̀wé kíláàsì tàbí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó wá ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, láti yunifásítì BOUESTI ní Ìkéré tàbí láti EKSU bá yín kọ ọjọ́ àti aago. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wọ̀nyí nílò ìmọ̀ yẹn fúnra wọn.

Mo ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣé ó ṣì jẹ́ ẹ̀rí?

Ó jẹ́ ẹ̀rí, tí ẹ bá kọ ìrànlọ́wọ́ náà sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ fáìlì tí a ń kó ẹ̀rí ọmọ sí ti ń bàjẹ́ nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e díẹ̀.

Gbólóhùn márùn-ún péré là ń lò láàrin àwa olùkọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́. "Ó dá a ṣe." "Mo fi ẹnu rán an létí." "Mo nawọ́ sí i." "Mo ṣe é kó wò mí." "Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú." Láti òkè wá sísàlẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ń pọ̀ sí i. A máa ń kọ 1 sí 5 sí ẹ̀gbẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá wà ní 5 ní oṣù Ọ̀wàrà, tó wá dé 2 ní oṣù Ẹrẹ́nà, ti ṣe iṣẹ́ ńlá, bí kò tilẹ̀ tíì dá a ṣe. Ní New South Wales ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, níbi tí irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà bẹ́ẹ̀ ti ní ẹ̀kọ́ tiwọn títí dé ìparí sẹ́kọ́ńdírì, ilé-ẹ̀kọ́ lè sọ pé ọmọ dá a ṣe tàbí pé ó ṣe é pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́, méjèèjì ni wọ́n sì kà sí pé ó ṣe é. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ọmọ náà kò sì jáde lọ́wọ́ òfo.

Ohun tí kò dára ni kí olùkọ́ mú bíró lọ́wọ́ ọmọ, kó bá a kọ ọ́, kó sì fi orúkọ ọmọ sí i. Mo ti rí ìwé ọmọ kan tí ọwọ́ ìkọ̀wé inú rẹ̀ gún régé ju tèmi lọ, ọmọ tí kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rò pé òun ń ṣàánú ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó gba ọmọ náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ kò tíì dé, odindi sáà kan ló sì fi ṣòfò.

Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ rárá. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tó mọ̀?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fún ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, àwa la ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ́kasí jẹ́ ìdáhùn. Wíwo àwòrán kan ju èkejì lọ jẹ́ ìdáhùn. Èdè ọwọ́ jẹ́ èdè gidi, kí a sì gba ìdáhùn tó bá fi wá láìdín in kù. Fídíò ló dára jù láti tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí ẹni tó gbọ́ èdè náà kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé àwòrán méjì síwájú ọmọ tó sì mú ọ̀kan, ó lè jẹ́ orí ló bá a mú un. Ẹ pààrọ̀ ibi tí àwòrán wà, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ mìíràn, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin. Tó bá ṣì mú èyí tó tọ́, ó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ń fi èdè Èkìtì dáhùn. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ gbà á! Ọmọ tó rí àwòrán, tó ní "ulé" tàbí "usu", mọ ilé, ó sì mọ iṣu. Bí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ bóyá ó mọ nǹkan náà, ó ti dáhùn. Bí ẹ bá ń wá bí ó ṣe ń kọ Yorùbá àjùmọ̀lò tàbí Gẹ̀ẹ́sì, àfojúsùn mìíràn nìyẹn, kí ó ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ tó pa ẹnu mọ́ ní kíláàsì nítorí pé wọ́n ti rẹ́rìn-ín èdè ilé rẹ̀, tí olùkọ́ wá kọ ọ́ pé "kò fèsì".

Ṣé ohun tó ṣe nílé, lọ́jà tàbí lọ́dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ lè wọ inú fáìlì?

Ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ọmọ tó lè ka owó ní kíláàsì, tí kò lè kà á ní Ọjà Ọba l'Ádò níbi tí àwọn èèyàn ti ń tì í, kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ní SS, ibi tí ọmọ ti fẹ́ lo ìmọ̀ náà ló ṣe pàtàkì jù. Bó bá jẹ́ wíwọ mọ́tò ni, ẹ jẹ́ ká rí i kó wọ mọ́tò láti Ìjìgbò lọ sí Baṣírí, kó san owó, kó sì mọ ibi tí yóò ti ní "ó wà o".

Òbí lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta péré: kí ló ṣe, ta ló wà níbẹ̀, kí ni ẹ bá a ṣe nínú rẹ̀? Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè sọ ọ́ lẹ́nu. Ìyá kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní aago mẹ́fà àárọ̀, ìdùnnú kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, pé ọmọ òun dá wẹ̀, ó sì dá aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ṣì. Mo kọ bọ́tìnnì náà sílẹ̀. Òun ni àfojúsùn wa tó tẹ̀ lé e.

Ní ti ọ̀gá iṣẹ́, ìbá à ṣe télọ̀, onídìrí tàbí alámọ̀kòkò ní Ìsàn, ẹ bá a ṣe ìwé kékeré kan tí yóò máa fi àmì sí. Ẹ má kó fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́fà lọ bá a. Kò ní kọ ọ́.

Fọ́tò àti fídíò ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí lórí rẹ̀.

Ó yẹ kó bà yín díẹ̀. Ẹ gba àṣẹ òbí ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni, kì í ṣe ìkókó. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ọ̀ràn ìlera ọmọ sì wà lára ohun tí òfin náà fẹ́ kí a ṣọ́ jù. Ẹ má gbé e sí ìkànnì ẹgbẹ́ òbí. Ẹ má fi ṣe ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ má ya ọmọ níbi tó ti ń sunkún, níbi tó ti ń lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí níbi tí aṣọ rẹ̀ kò ti bò ó. Tí ọwọ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe bá tó láti fi hàn, ẹ má ya ojú rẹ̀.

Fóònù mi kan bọ́ sómi ní àárín sáà kejì, fọ́tò ọmọ mẹ́sàn-án ló bá a lọ. Látìgbà náà, ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan ni mò ń da gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń tì ní ọ́fíìsì, mo sì ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò tí kò ní àkọsílẹ̀ lábẹ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin tí ẹ yà á gan-an kò ní mọ ohun tó ń sọ mọ́.

Ọmọ náà kò rí i ṣe. Ṣé kí n fi ìyẹn sí i?

Ẹ fi sí i, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ẹ yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Fáìlì tó jẹ́ kìkì àṣeyọrí, n kì í gbà á gbọ́.

Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ pé olùkọ́ kan kò ṣe ojúsàájú?

Olùkọ́ méjì ni kó wo ẹ̀rí kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú kọ nọ́ńbà tirẹ̀, kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá kọ 2 tí èkejì kọ 4, kì í ṣe pé ẹnì kan ń purọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ pé àkọsílẹ̀ náà kò kún tó. Ẹ pe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Láti Ìkọ̀lé sí Adó kò jìnnà jù fún ọ̀sán ọjọ́ kan.

Níbo ni WAEC wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ kọ́kọ́ ya ọmọ méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni ọmọ tí ìwé yé, àmọ́ tí ojú, etí tàbí ọwọ́ kò jẹ́ kó ṣe é bí àwọn yòókù. Kí ó ṣe WAEC. WAEC ní ètò fún afọ́jú, títí kan ìwé ìbéèrè oní-Braille tí wọ́n ń fi ọwọ́ kà àti àfikún àkókò. Ilé-ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ìdánwò. JAMB náà ti ní ètò àkànṣe fún àwọn afọ́jú láti 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ló ń darí rẹ̀. Fáìlì yín wúlò níbí, nítorí ó ń fi hàn pé irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lọmọ ti ń lò bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Máàkì iṣẹ́ kíláàsì tí WAEC ń béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, inú àkọsílẹ̀ tòótọ́ ló yẹ kó ti wá.

Èkejì ni ọmọ tí ẹ̀kọ́ WAEC ga jù fún. Ẹ má fi ipá tì í wọ gbọ̀ngàn ìdánwò nítorí ìtìjú ẹbí. Mo ti rí ọmọ tó jókòó wákàtí méjì níwájú ìwé tí kò lè kà. Kí la fẹ́ kó kọ́ níbẹ̀?

Ṣé ìwé ẹ̀rí mìíràn wà fún irú ọmọ yẹn?

Ọ̀nà wà. Ní 2011 ni wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 sínú kọ́ríkúlọ́ọ̀mù sẹ́kọ́ńdírì àgbà, aṣọ rírán, oúnjẹ sísè, ẹja àti ẹran sísìn wà lára wọn, kí wọ́n tó dín iye wọn kù ní 2025. NABTEB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Benin, ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò. Èyí tó sún mọ́ ohun tí à ń ṣe jù ni ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè, NSQ, tí NBTE, ìgbìmọ̀ ìjọba lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Kàdúná, ń bójú tó. Ẹ̀rí gan-an ni wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò níbẹ̀: aláyẹ̀wò máa wo ẹni náà lẹ́nu iṣẹ́, máa bi í ní ìbéèrè lẹ́nu, máa wo ohun tó ṣe jáde, máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tó rí i, gbogbo rẹ̀ á sì wà nínú fáìlì kan. Ọmọ tó bá ti kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jọ láti SS1 kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Gbogbo ọmọ kọ́ ló máa bá ìwọ̀n wọn mu, ẹ má ṣèlérí fún òbí. Ẹ lọ bá ibùdó tó sún mọ́ yín sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó dé SS2.

Bàbá ọmọ náà ní ìtìjú ni, pé gbogbo ọmọ òun ló gba ìwé.

Mo máa ń gbọ́ èyí ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. N kì í bá wọn jà. Èkìtì la wà, ilé kan lè ní ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Mo máa ń ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ wo fídíò méjì." Mo fi ti oṣù Ọ̀wẹwẹ hàn wọ́n, lẹ́yìn náà mo fi ti oṣù Òkúdù hàn wọ́n. N kì í sọ̀rọ̀ láàrin rẹ̀. Bàbá kan wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí àbúrò òun ní Èkó. Mo ní kó kọ́kọ́ bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pe ọmọ náà wọlé, ó bi í. Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣé kí ọmọ fúnra rẹ̀ dá sí ohun tó ń wọ inú fáìlì?

Ní ìpele SS, òun ló yẹ kó yan ìdajì. Ẹ tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ bi í: èwo ló dùn mọ́ ọ jù? Èwo ló nira? Ohun tí wọ́n ń yàn máa ń yà mí lẹ́nu. Ọmọkùnrin kan fi aṣọ tó rán tó gún sílẹ̀, ó mú èyí tó wọ́. Nígbà tí mo bi í, ó ní ìyẹn ni òun kọ́kọ́ dá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ta ló ni fáìlì náà lẹ́yìn SS3?

Ọmọ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ lè tọ́jú ẹ̀dà kan, àmọ́ ojúlówó rẹ̀ ń bá ọmọ lọ. Kó tó jáde, ẹ yọ ohun tí kò wúlò fún ẹlòmíì kúrò, ní pàtàkì ọ̀rọ̀ ìlera, kí ẹ sì ṣe ojú ewé kan síwájú tó sọ ní èdè tó rọrùn ohun tó lè dá ṣe, ohun tó nílò ìrànlọ́wọ́ fún, àti bí wọ́n ṣe lè ràn án lọ́wọ́. Ọ̀gá iṣẹ́ kì í ní àyè láti ka ju ìyẹn lọ.

Ọmọkùnrin aláṣọ wíwọ́ yẹn ti wà lọ́dọ̀ télọ̀ kan báyìí. Ojú ewé àkọ́kọ́ fáìlì rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá rẹ̀ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ: "Ẹ fi hàn án lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ má pariwo. Tó bá ní òun ti parí, ẹ bá a wo ọrùn aṣọ." Nígbà tí mo yà níbẹ̀ gbẹ̀yìn, ọ̀gá náà ti fi bíró fagi lé ìlà tó sọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ. Ó ní ọmọ náà kò nílò rẹ̀ mọ́.